Sọ Ibi Tí O Wà Gan-an fún Ìyá Rẹ

Àkànní ọmọ mi,

A gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo fẹ́ fi mọ́tò tuntun yẹn wọlé láti Èkó. Tuntun ni mo pè é o, ọkọ̀ tó ti sin ẹlòmíràn kó tó kàn ẹ́ ni. Bẹ̀rẹ̀ kó o wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, òun ló kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 3416, ọ̀sẹ̀ 34 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ lè dára o, rọ́bà tó ti gbó, orí eré ló ti máa ń bẹ́. Mẹkáníìkì rẹ á bá ẹ wo èyí tó kù.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé, mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí. Lọ́dún tó o wọ yunifásítì, mo ń ti Ìbàdàn bọ̀, trélà kan ṣubú dínà kí n tó dé Iléṣà. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ìyá rẹ pè, ó ní níbo ni mo dé. Mo ní, "Mo ti ń wọ Arámọkọ." Irọ́ gbuu. Ó bá gbé iṣu kaná.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo wá ń sáré kí n lè bá irọ́ mi. Mo kọjá Ẹ̀rìnmọ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ni bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì bá já. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru rú bò mí lójú. Dípò kí n jẹ́ kó tutù, mo fi àkísà yí ìdérí rádíétọ̀, omi gbígbóná tú sí mi lápá. Àpá tó o máa ń béèrè, tí mo ní epo àkàrà ló ta sí mi: irọ́ kejì nìyẹn.

Fóònù mi kú. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, àbúrò ìyá rẹ ti gun ọ̀kadà láti Adó, ó ń wá mi kiri ọsibítù ní Arámọkọ, èmi sì jókòó sórí òkúta lẹ́yìn Ẹ̀rìnmọ̀. Ta ló fẹ́ wá mi débẹ̀? Ìdájí ni ọkọ̀ agégẹdú kan tó gbé mi. Iyán tí mo bá nílé, o lè fi kan ìṣó.

Láti Iléṣà, ọ̀nà méjì ló wà: ti Ẹ̀fọ̀n, àti ti Àkúrẹ́ tó gba Ìkẹ́rẹ́ wọ Adó. Má fi gbogbo rẹ̀ lé fóònù lọ́wọ́. Yà sí gáréèjì, bi awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já èrò láti Adó, ọ̀nà wo ló dára. Má bi èyí tó ń pe èrò, gbogbo ọ̀nà ló dán lẹ́nu tiẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, sun Iléṣà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kò gba owó.

Bó o bá wà ní Iléṣà, Iléṣà ni kó o sọ. Ìyá rẹ tiẹ̀ ti ní òun ò ní bẹ iṣu rárá, àfi tóun bá gbọ́ hóònù rẹ lẹ́nu géètì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Adó-Èkìtì