Ẹ Jẹ́ Kí Kádì Náà Sọ̀rọ̀ Nínú Eré Apanilẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bí òǹkọ̀wé eré apanilẹ́rìn-ín wa bá fẹ́ ká mọ̀ pé ọkùnrin kan lówó lọ́wọ́, kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù ló máa ń gbé e lọ. Alhaji á dé fìlà funfun, á di ọ̀pá mú bí ẹni tó fẹ́ pa ejò, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó ti ìgò, wọ́n á sọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì, ó parí. Ọmọ tó gbé báàgì ọ̀pá tẹ̀ lé e, ẹni tí wọ́n ń pè ní kádì, kò ní sọ ju "Yẹ́sà" lọ. Bó bá sọ jù bẹ́ẹ̀, òmùgọ̀ ni wọ́n á fi ṣe, wọ́n á sì gbá a létí ká lè rẹ́rìn-ín.

Ó ń dùn mí gan-an ni, torí mo ti gbé báàgì yẹn rí. Pápá kan n'Ìbàdàn yìí ni mo ti rí owó ìwé mi. Ọ̀pá 14 ni òfin gbà nínú báàgì, kádì ló sì mọ èyí tó yẹ níbi tó yẹ. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà ni kò ní koríko níbi ihò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Iyanrìn tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì ni, bíráùn la ń pè é. Kí ọ̀gá tó gbá bọ́ọ̀lù, kádì á ti fa igi kọjá lórí iyanrìn náà kó lè tẹ́jú, á fi tówẹ̀lì tútù nu bọ́ọ̀lù, á lóṣòó wo apá ibi tí ilẹ̀ fì sí. Á wá rọra ní, "Ẹ gbá a sápá òsì díẹ̀, sà." Ọ̀gá ò ní gbọ́. Bọ́ọ̀lù á yà sọ́tùn-ún, kádì ni wọ́n á sì bú!

Ẹ̀rín wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀gá ló yẹ ká fi rín. Iye tó kéré ló ń borí nínú gọ́ọ̀fù. Ọ̀gá tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀meje tó kọ márùn-ún sínú káàdì, tó wá gbójú sókè wo kádì rẹ̀ bóyá ó ń kà á. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí hándíkáàpù òun, iye tí wọ́n ń yọ kúrò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá tó, ga kó lè gba ife. Kádì mọ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun lórílẹ̀-èdè yìí lónìí, kádì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣé òmùgọ̀ nìyẹn?

Mo wo Curb Your Enthusiasm, eré apanilẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà ti Larry David, tí tẹlifíṣọ̀n HBO bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Nínú èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009, Larry fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù pa ẹyẹ dúdú tí ọ̀gá kílọ́ọ̀bù fẹ́ràn bí ojú, òun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń wá bí wọ́n ṣe máa bò ó mọ́lẹ̀. Òfin kílọ́ọ̀bù àti ìbẹ̀rù àtipàdánù àyè nínú rẹ̀ ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀, owó kọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ìtàn ọ̀hún ń tẹ̀ lé. Àwa lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú wa yìí kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Agodi ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní October 31, 1959, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní apá Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Orí rẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sálà, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1960. Gíláàsì ràgàjì, táì gbàǹgbà-gbangba: ẹni tó ń ṣe fọ́ńté bí ọ̀gá ló ń fi wọ́n tú fó.

Mo bẹ NTA Ìbàdàn àti BCOS, ẹ ṣe eré tí kádì jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ọ̀nà ò jìn. Kílọ́ọ̀bù wà ní Oníréke, pápá wà ní IITA. Kí àwọn òǹkọ̀wé lọ bá àwọn kádì níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀gá láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún wọn, kí wọ́n sì tẹ́tí. Kí wọ́n háyà ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n sanwó fún un dáadáa, kó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya eré, torí ẹni tó bá mọ pápá á ti rí i bí òṣèré bá di ọ̀pá mú lódì.

Èmi ni olùkàwé yín,
Kádì àtijọ́, Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn.