Sí ẹ̀yin oníbàárà wa tó fẹ́ ra ìbọn ìdíje fún ọmọ

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin tilé àti ẹ̀yin tòkè òkun, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn kan nínú yín ti ń ní kí a bá yín ran okùn apá fún ọmọ tó ń kọ́ ìbọn yíyìn bí eré ìdárayá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Okùn awọ ni. Òkè apá ni wọ́n ń so ó mọ́, orí rẹ̀ kejì á kọ́ mọ́ abẹ́ ìbọn, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n nígbà tí ọmọ bá dojú bolẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀. Tó bá dìde dúró, wọ́n á tú u. Inú iṣẹ́ awọ ni wọ́n bí wa sí l'Ọ̀yọ́ níbí; ẹni tó ń ṣe tìmùtìmù àti àkọ̀ ọ̀bẹ, okùn apá kò lè dẹ́rù bà á. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ló mú mi kọ̀wé yìí: irú ìbọn wo ni kí n rà fún un?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, a kì í ta ìbọn. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 gba ìwé àṣẹ, ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá sì wà lábẹ́ òfin náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 14 lè gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àmọ́ kò lè fowó ra ìbọn títí yóò fi pé 18. Ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ, kó fi ìbọn ẹgbẹ́ kọ́ṣẹ́ lójú olùkọ́ kí ẹ tó náwó kankan.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan tó ti ń ra tìmùtìmù lọ́wọ́ bàbá mi kó tó rìnrìn àjò ní kí n ran okùn apá fún ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 13. Awọ màlúù ni mo lò, mo fi awọ ewúrẹ́ tẹ́ inú rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní apá ọmọ ń kú. Mo ran òmíràn, mo mú un fẹ̀. Wọ́n ní ó ń yọ̀ wálẹ̀. Mo ran ẹ̀kẹta, mi ò gba kọ́bọ̀, ìyẹn náà kò bá a mu. Ọkàn mi kò balẹ̀, torí mi ò rí ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Ni mo bá ní kí wọ́n ya fídíò ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó kí n tó rí i. Ìdí ìbọn kò jókòó sí kòtò èjìká rẹ̀, abẹ́ apá ló há sí. Ọmọ na ọrùn síwájú bí adìẹ tó fẹ́ mumi, kí ojú rẹ̀ lè dé ihò kékeré tí wọ́n ń gbà wo àmì. Ọwọ́ òsì tó yẹ kó tẹ̀ sábẹ́ ìbọn ti nà gbọọrọ, gbogbo ìwúwo sì bọ́ sórí okùn mi. Mo ní kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, kí ọmọ wá ká apá ọ̀tún, kó gbé ìdí ìbọn sínú ìṣẹ́po ìgbọ̀nwọ́, kó na ìka ìfábẹ̀lá lọ síbi tí wọ́n ń fà. Ìka kò débẹ̀. Ó ku bí ìbú ìka mẹ́ta. Ẹni tó ta ìbọn fún wọn ló ní, "Ó máa dàgbà bá a."

Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń rán aṣọ ilé ìwé ní gbàgàdà kó lè pẹ́ lára ọmọ. Aṣọ tó tóbi kò ba ọmọ jẹ́. Ìbọn tó tóbi a máa kọ́ ọ láti tẹ ẹ̀yìn, láti wọ́ ọrùn, tí ìbọn bá sì wá bá a mu lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí ó ṣe ń tẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ẹgbẹ́ wọn yá ọmọ náà ní ìbọn kékeré kan. Nínú okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí mo kọ́kọ́ ran ló bá a mu wẹ́kú.

Ara ọmọ ni kí ẹ fi díwọ̀n ìbọn. Ẹ wá èyí tí ìdí rẹ̀ ṣeé fà gùn, tí wọ́n lè máa fi pákó pẹlẹbẹ kún lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ti ń ga, tí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé sì ṣeé gbé sókè sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló ń bá ọmọ dàgbà lóòótọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn gígùn tàn yín; kì í mú kí ọta ba àmì ju kúkurú lọ, ẹrù ló ń kó síwájú ọwọ́. Kílò 8 ni òfin ìdíje àgbáyé gba ìbọn tí wọ́n fi ń yìn àmì tó wà ní mítà 50 láàyè dé fún àgbà ọkùnrin. Bí ọmọ kò bá lè gbé tirẹ̀ dúró ní ìṣẹ́jú kan láì tẹ̀ sẹ́yìn, ó wúwo jù.

Ojú ńkọ́? Ẹ ní kí ọmọ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣe ihò kékeré, kó wo nǹkan kan gba inú rẹ̀, kó wá di ojú kan. Ojú tó bá ṣì ń rí nǹkan náà ni ojú tó ń darí. Bí ó bá jẹ́ òsì, ẹ wá ìbọn ọlọ́wọ́ òsì fún un. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a máa ń gbá ọmọ lọ́wọ́ òsì pé kó fi ọ̀tún gba nǹkan, wọ́n gbá èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ti ìbọn kún un. Àárín àmì tí máàkì 10 wà kò fẹ̀ ju mìlímítà 10.4 lọ, bíi bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, ní mítà 50. Ojú tí kì í darí kò lè máa bá a pàdé lójoojúmọ́.

Tí owó kò bá tó, tòkunbọ̀ dára. Anschütz àti Walther, ìlú Ulm ní Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì, èyí tó ti pẹ́ gan-an ṣì ń lu àmì bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Ti ọta, ẹ ra oríṣi díẹ̀díẹ̀ kí ẹ dán wọn wò, ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó fẹ́. Bí ọmọ bá ṣì kéré, ìbọn afẹ́fẹ́ mítà 10 ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ọmọ Kòríà tó ń jẹ́ Ban Hyo-jin fi gba góòlù ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris lọ́dún 2024, ọmọ ọdún 16 ni.

Ó ku ti àpò awọ tí ẹ ń rà lọ́wọ́ wa. Ẹ má fi ìbọn pamọ́ sínú rẹ̀. Ìrìn àjò ni a ṣe é fún. Awọ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, àárín oṣù mélòó kan irin á dípẹtà nínú rẹ̀. Àpò kò sì ní kọ́kọ́rọ́ tó lè dá ọmọ mìíràn dúró. Àpótí irin ni kí ìbọn sùn sí, kí ọta wà níbòmíràn tí a tì pa.

Láti ìsinsìnyí, kí n tó gé awọ, ẹ fi fídíò ọmọ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbọn òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, kó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó fi ń yìnbọn, kí ẹ sì fi téèpù wọn òkè apá rẹ̀ lórí jákẹ́ẹ̀tì náà. Bí mo bá rí i pé ìbọn ló tóbi, màá sọ fún yín, mi ò sì ní gba owó okùn.