Iṣẹ́ abẹ ọmọ tuntun: kì í ṣe abẹ ló ń pa wọ́n

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka àwọn ọmọ tuntun ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń dùn mí pé ìgbà tí olówó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Íńdíà nìkan la máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ọmọdé nínú ìròyìn.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n máa ń bí pẹ̀lú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, tí ìfun wọn á tú síta. Gastroschisis ni àwọn dókítà ń pè é. Lọ́dún 2021, ìwé ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74. Nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì ló kú láwọn ilẹ̀ olówó. Láwọn ilẹ̀ tó tòṣì jù, 90 ló kú. Láwọn ilẹ̀ tó wà láàárín olówó àti òtòṣì, níbi tí wọ́n ń ka Nàìjíríà sí, ó tó 32. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń ka Brazil tó lówó jù wá lọ sí o, nítorí náà kí aláṣẹ kankan má fi 32 yẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé tó dáńgájíá wà ní UCH, wọ́n wà ní LUTH, wọ́n wà ní Ifẹ̀. Ohun tó ń pa ọmọ ti wà nílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò ni wọ́n máa ń bí i sí, ẹ̀rù á ba gbogbo wọn. Wọ́n á fi ìró wé e, bàbá rẹ̀ á gbé e gun ọ̀kadà, ọsibítù kìíní á ní kí wọ́n máa lọ sí ìkejì. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, ara ọmọ ti tutù, ìfun ti gbẹ, ó ti wú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá (náílọ̀n) tó mọ́, tí a fi bo ìfun náà, pẹ̀lú fìlà àti aṣọ tó nípọn fún ìyókù ara, ì bá ti ṣe púpọ̀. Agbẹ̀bí tí a bá kọ́ lè ṣe é.

Nínú tíátà ńkọ́? Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ti àgbàlagbà, tí a fi há ẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ kan. Ó ń yọ̀ bọ́, kò sì ka nǹkan kan. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fún ọmọdé lóògùn oorun kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti jápa. Lẹ́yìn abẹ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìfun lè fi sinmi kó tó gba wàrà. Oúnjẹ tí à ń gba iṣan fún ọmọ láàárín ìgbà náà, àpò òbí ló ti ń jáde.

Ìjọba àpapọ̀ kọ ètò iṣẹ́ abẹ fún 2019 sí 2023, wọ́n sì fi ti ọmọdé sí i. Ọdún ètò náà ti kọjá. Ẹ bá wa bi àwọn gómìnà wa léèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìṣúná tiwọn. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ gba irú ọmọ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n bá bí i, kí ilé ìwòsàn kankan má sì béèrè owó àkọ́san kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì kan,
Òṣogbo.