Ẹ jẹ́ kí mángòrò há ná

Sí Olóòtú,

Ọlidé gbọọrọ tún ti dé, pátákó lẹ́sìn sì ti kún láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀: "A ó kọ́ ọmọ yín ní coding," ìyẹn bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó dára. Èyí tí kò dára ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì náà: tíṣà á ya gbogbo iṣẹ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ á tò ó bó ṣe wà, géèmù á ṣiṣẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọmọ kan náà ò ní lè tò ó mọ́.

Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń ṣe géèmù, tí àwọn ará yunifásítì MIT gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì wà, tí ẹ lè fi fúláàṣì gbé láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe àwọn àṣẹ tí ọmọ ń tò léra. Ọmọ tó bá ti rí bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ rí ò ní bèèrè ìdí.

Géèmù tó bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá mu ni ti mángòrò tó ń já bọ́, tí agbọ̀n ń gbà nísàlẹ̀. Àwòrán méjì péré. Kí ọmọ ya mángòrò náà fúnra rẹ̀, sí àárín gbùngbùn ibi ìyàwòrán, lórí àmì kékeré tó wà níbẹ̀. Bó bá yà á sí igun, ibi tí kọ̀ǹpútà kà sí ipò mángòrò àti ibi tí ojú ti rí i ò ní bára mu. Ojú eré, ibi tí géèmù ti ń ṣẹlẹ̀, fẹ̀ ní 480, ó ga ní 360, òdo wà láàárín. x ni nọ́ńbà ọ̀tún àti òsì, y ni ti òkè àti ìsàlẹ̀: òkè jẹ́ 180, ìsàlẹ̀ jẹ́ -180. Èyí nìkan ló yẹ kí tíṣà kọ sójú pátákó.

Mángòrò ni kí wọ́n kọ́kọ́ tò. Lábẹ́ àsíá aláwọ̀ ewé, èyí tí a ń tẹ̀ kí géèmù bẹ̀rẹ̀, kó lọ sí y 180, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣa x láàárín -220 sí 220. Lẹ́yìn náà, "change y by -5", ìyẹn kó fi 5 sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tẹ àsíá, mángòrò sún díẹ̀, ó dúró. Tíṣà, ẹ pa ẹnu mọ́! Ọmọ ló máa bèèrè ìdí tí kò fi délẹ̀, ìgbà yẹn ni "forever", búlọ́ọ̀kù tó ń mú kí àṣẹ máa ṣiṣẹ́ láìdúró, tó wọlé. Nínú "forever", àṣẹ náà ń yí po nígbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mángòrò á sì lo bíi àáyá méjì àti díẹ̀ kó tó délẹ̀. Ẹni tó bá kọ -15 ò ní rí i gbà.

Kó lè padà sókè bó bá délẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ "bí y = -180". Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú -5. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di -7: mángòrò á fo nọ́ńbà náà, á sì há sísàlẹ̀. "Kéré sí -170" ló tọ̀nà. Mángòrò kékeré á há bákan náà bí ẹnìkan bá kọ "kéré sí -200", nítorí Scratch kì í jẹ́ kí àwòrán jáde tán lójú eré.

Ti agbọ̀n ò le: nínú "forever" tirẹ̀, bí ọmọ bá tẹ ọfà ọ̀tún, kí x fi 10 pọ̀ sí i, bó bá tẹ ti òsì, kó fi 10 dín. Àwọn tíṣà kan fẹ́ràn "when key pressed", búlọ́ọ̀kù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, torí ó kúrú, ṣùgbọ́n agbọ̀n á sún lẹ́ẹ̀kan, á dúró díẹ̀, kó tó máa lọ. Bí kíbọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe nìyẹn.

Máàkì ló kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí. Bí mángòrò bá kan agbọ̀n, fi 1 kún máàkì. Ọmọ gba mángòrò kan, máàkì fò dé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn gan-an. Mángòrò ṣì wà nínú agbọ̀n ni, kọ̀ǹpútà sì ń kà á lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí àṣẹ bá yí po. Kí wọ́n dá mángòrò padà sókè ní kété tí máàkì bá wọlé. Ẹni tó lo "set" (sọ ọ́ di) dípò "change" (fi kún un) ò ní kọjá máàkì 1 láéláé; ẹni tí kò sì sọ máàkì di 0 lábẹ́ àsíá á máa bá máàkì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ méjì sí kọ̀ǹpútà kan tó. Kí ọ̀kan di máòsì mú, kí èkejì máa sọ ohun tí wọ́n máa tò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí wọ́n tó pààrọ̀, kí wọ́n fi iṣẹ́ pamọ́. Iná kì í dágbére kó tó lọ.

Ẹ̀yin òbí tó sanwó lẹ́sìn, ẹ ní kí ọmọ yín jẹ́ kí mángòrò máa yára sí i bí máàkì bá ti kọjá 10. Ọmọ tó yé á yọ -5 kúrò, á ṣẹ̀dá nọ́ńbà tó ṣe é yí padà, bíi ti máàkì, á pè é ní "ìyára", á sì fi sípò -5. Èyí tó dà á kọ á ní kí ẹ jẹ́ kí òun bi tíṣà.

Àwa tíṣà kọ̀ǹpútà méjì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.