Lẹ́tà sí Olóòtú: Ọ̀rọ̀ Ti Pọ̀ Jù Lábẹ́ Òkun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí géèmù Subnautica: Below Zero, nínú èyí tí akọ̀wé yín ti sọ pé apá kejì yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹni tí à ń lò nínú rẹ̀ ní ẹbí, ó ní ìbànújẹ́ tirẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ti àkọ́kọ́ kàn ń wẹ̀ kiri bí odi. Inú mi dùn pé ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn tó ń fi èdè Yorùbá yẹ géèmù wò kò pọ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yin géèmù náà gan-an ni mo torí rẹ̀ mú kálàmù. Lójú tèmi, odi tí wọ́n ń bú yẹn ló mọ ohun tí òkun jẹ́.

Fún àǹfààní àwọn tí kò gbá a rí, ilé iṣẹ́ Unknown Worlds tó wà ní San Francisco ló ṣe méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ gbé Subnautica síta láì tíì parí ní oṣù Kejìlá 2014, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2018. Ọkọ̀ òfurufú ńlá kan tó ń jẹ́ Aurora já sórí ayé kan tí wọ́n ń pè ní 4546B, tó jẹ́ pé omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tí à ń lò jí nínú àpótí kékeré tó ń léfòó, kò sì rí ẹnikẹ́ni: òun fúnra rẹ̀ ló máa pa ẹja tí yóò jẹ, tí yóò wá omi tí yóò mu, tí yóò sì ṣa irin tí yóò fi kọ́ ilé àti ọkọ̀ tí yóò fi wọ ibú. Below Zero padà sí ayé kan náà, ní apá ibi tí yìnyín bò, ó sì jáde ní pípé ní ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún 2021. Robin Ayou ni orúkọ ẹni tí à ń lò níbẹ̀. Ó wá wádìí bí ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, Samantha, ṣe kú sẹ́nu iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí ìtàn náà pè ní Alterra.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé ṣáájú. Àbúrò bàbá mi fi ìgbà èwe wọn wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó, kó tó di pé ara kọ̀ fún wọn. Wọn a ri àkàbà gígùn sínú omi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọn a mú korobá dání, wọn a sì tọ àkàbà náà sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, níbi tí òkùnkùn ti ṣú débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n máa ń sọ pé ìdajì èémí ni ti àlọ, ìdajì ni ti àbọ̀, àti pé ẹni tó bá ná méjèèjì tán nísàlẹ̀, korobá rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fà gòkè. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń gbọ́ níbẹ̀, wọ́n ní, “Àyà mi tó ń lù.” Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè fara da ohùn yẹn kò lè ṣe iṣẹ́ náà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ wọn ni mo rántí ní ìparí ọdún 2018, nígbà tí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì Epic fi Subnautica ta àwọn èèyàn lọ́rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí èmi náà sì nawọ́ gbà á. Bí kò bá sí àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ẹni, ìṣẹ́jú àáyá 45 péré ni èémí ẹni nínú géèmù náà. Àgbá àkọ́kọ́ tí ẹ bá rọ yóò fi 30 kún un. Mo rí àfọ́kù Aurora kan nísàlẹ̀, mo wọ inú rẹ̀, mo ń ṣa irin bí adìẹ tó rí àgbàdo, àfi ìgbà tí ohùn tútù kan sọ fún mi pé ó ku ìṣẹ́jú àáyá 30. Mo yíjú padà, n kò rí ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé mọ́. Etí ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ìmọ́lẹ̀ ojú omi sì wà lókè lọ́hùn-ún bí fìtílà tí wọ́n gbé sí òdìkejì odò. Nígbà tí mo yọrí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èmi tí mo jókòó sórí àga ní Ẹ̀pẹ́ ni n kò mí láti ìgbà yẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n bẹ̀rù, kò sì sí ẹni tó kẹ́dùn mi.

Ìbọn tí ń pa nǹkan kò sí nínú Subnautica. Charlie Cleveland tó darí iṣẹ́ náà ti ṣàlàyé pé ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé Sandy Hook, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá 2012, níbi tí wọ́n ti pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà 6, wà lára ohun tó mú kí òun kọ̀ láti fi ìbọn sí i. (Ìbọn kan wà lóòótọ́ tó ń mú kí ẹ̀dá inú omi dúró gbagidi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa á.) Ohun tí ìpinnu yẹn bí ni akọ̀wé yín kò kíyè sí: ẹni tí kò ní ohun ìjà, etí rẹ̀ ni yóò máa lò. Reaper, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ràbàtà tí géèmù náà fún ní orúkọ Lefiatani inú ìwé Jóòbù, kì í sábà jẹ́ kí ẹ rí òun kí ẹ tó gbọ́ òun. Ẹ ó wà nínú Seamoth, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan, nítòsí òkú Aurora níbi tí omi ti rú. Ẹ ó gbọ́ igbe rẹ̀ lápá òsì, ẹ ó pa iná ọkọ̀, ẹ ó dúró, ẹ ó wá máa ṣírò bóyá igbe kejì sún mọ́ yín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ìṣírò yín bá forí sọlẹ̀, yóò ki ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, yóò máa gbọ̀n ọ́n bí ajá ṣe ń gbọ̀n eku, yóò sì wò yín lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn jù ni inú Cyclops, ọkọ̀ abẹ́ omi tó gùn tó mítà 54. Ìwọ̀n ìsáré mẹ́ta ló ní, bí ẹ bá sì ṣe ń sáré tó ni ariwo ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó, tí àwọn Lefiatani yóò sì máa tẹ̀lé ariwo náà wá. Bọ́tìnì kan wà tí ẹ lè tẹ̀ kí ọkọ̀ náà máa yọ́ rìn, ṣùgbọ́n iná bátìrì tó ń jẹ kò kéré. Ìyẹn ni pé ẹ ń ra ìdákẹ́jẹ́ ni, ẹ sì mọ iye tó ń ná yín. Mo rántí alẹ́ kan nínú Lost River, odò tó ń ṣàn lábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, tí mo pa ẹ̀ńjìnnì pátápátá, tí mo jókòó sínú òkùnkùn kí Ghost Leviathan, Lefiatani mìíràn tó ń tàn bí tanátaná, lè kọjá lójú fèrèsé. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan, n kò sì mọ bó ṣe pẹ́ tó. N kò tíì rí eré mìíràn tó sọ àìṣe-nǹkan-kan di iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Below Zero. Robin kò pẹ́ wọ inú omi tó fi gbàlejò sínú orí ara rẹ̀: Al-An, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tó ti gbé ayé náà rí, kó wọ inú ọpọlọ rẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń tàkúrọ̀sọ. Ìtàkúrọ̀sọ náà kò burú. Ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Àsìkò ni kò mọ̀. Mo ń rọra sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn afárá tó lọ́ mọ́ra wọn ní Twisty Bridges, ìmọ́lẹ̀ ń di àwọ̀ aró, nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀ tí n kò tíì mọ̀ bóyá ẹja ni àbí ibú, mo sì na etí. Ìgbà yẹn gan-an ni àlejò inú orí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ọmọ ènìyàn fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe, tí Robin náà sì ń fún un lésì. Nígbà tí wọ́n máa fi parí ọ̀rọ̀ wọn, n kò gbọ́ ohun tó ń dún mọ́, n kò sì bẹ̀rù mọ́. Ta ló ń bẹ̀rù òkùnkùn nígbà tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jà mí níyàn pé ti àkọ́kọ́ náà ń sọ̀rọ̀, n kò jiyàn. Ohùn ẹ̀rọ wà níbẹ̀, rédíò wà, ọ̀rọ̀ tí àwọn òkú gbà sílẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ju akígbe lọ: afẹ́fẹ́ ń tán lọ, ibi tí ẹ dé ti jìn jù, ara ọkọ̀ yín ti ń sán. Kì í sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀. Robin ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ mi ṣe fún mi, nítorí èmi ló yẹ kí nǹkan rí bákan lára.

N kò wí pé kò sí ọgbọ́n nínú apá kejì. Seatruck wọn dára gan-an: orí ọkọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa rọ, ẹ ó wá máa so yàrá mọ́ ọn nídìí bí ọkọ̀ ojú irin, yàrá ìsùn, yàrá ẹrù, yàrá tí ẹ ó ti máa rọ nǹkan, bí ẹ bá sì ṣe so ó pọ̀ tó ni yóò ṣe máa falẹ̀ tó. Sea Monkey, ẹ̀dá inú omi kan tó ń já irinṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni, tó sì tún ń gbé ẹ̀bùn wá fún ẹni lọ́jọ́ mìíràn, tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ra géèmù. Àmọ́ bọ́tìnì tí ń mú kí ọkọ̀ yọ́ rìn kò sí nínú Seatruck, àwọn ewéko tó ń pín afẹ́fẹ́ sì wà káàkiri ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni pé èèwọ̀ ni kí èémí tán. Ní ti orí ilẹ̀ tí akọ̀wé yín yìn, òtútù rẹ̀ le lóòótọ́, ọ̀kadà orí yìnyín tí wọ́n pè ní Snowfox sì dùn ún gùn fún ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí ẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ó yẹ kí a sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pète Below Zero bí àfikún sí géèmù àkọ́kọ́ ni, kó tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta láì parí ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, ìtàn mìíràn ló wà nínú rẹ̀: Samantha wà láàyè nígbà náà, ó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ibùdó òfurufú kan tó ń jẹ́ Vesper. Wọ́n tú ìtàn yẹn, wọ́n sì rán òmíràn. Aṣọ tí a tú tí a tún rán, ojú okùn rẹ̀ kì í ṣàì hàn, lójú tèmi àwọn ọ̀rọ̀ ìtàkúrọ̀sọ wọ̀nyẹn sì ni ojú okùn náà. N kò fi bú wọn. Ohun tó dùn mí ni pé akọ̀wé yín rí ojú okùn, wọ́n ní ọnà ni.

Ní alẹ́ kan tí mo ti gbá a fún bí wákàtí méjì, tí mo ti so yàrá mẹ́ta mọ́ Seatruck mi, wọ́n mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti kú tipẹ́, géèmù náà kì í sì í bá ẹni fi ibi tí ẹni gbá a dé pa mọ́ àyàfi tí ẹni bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi í pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo pàdánù gbogbo rẹ̀. Mo jókòó sínú òkùnkùn biribiri. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kò tíì dún. Ìgbà náà ni mo gbọ́ àyà mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo alẹ́ yẹn, ó sì yà mí lẹ́nu pé àìsíná ló ṣe fún mi ní wákàtí yẹn ohun tó yẹ kí géèmù ti ṣe.

Ní oṣù Kẹwàá 2024, ilé iṣẹ́ náà kéde Subnautica 2, èyí tí ẹni kan lè gbá tàbí kí èèyàn mẹ́rin para pọ̀ gbá a. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó bí ẹ ṣe lè rò, nítorí ọ̀rẹ́ ẹni máa ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun pa ẹnu mọ́. Nígbà tí Lefiatani bá ń kọjá, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa dákẹ́. Mo kàn fẹ́ bẹ̀ yín pé bí akọ̀wé yín bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbá a láwọn nìkan lálẹ́, kí wọ́n fi ìgbọ́hùn sétí, kí wọ́n pa orin inú rẹ̀, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ojú omi yóò fi tán lẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì sọ fún àwa òǹkàwé ohun tí wọ́n gbọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó