Ẹ Yé Fi Orúkọ Ọkọ̀ Tó Ti Lọ Pe Èyí Tí Kò Jọ Ọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ojú ewé yín, nítorí inú ń bí mi, bí mo bá sì dákẹ́, tara mi á bá mi dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè fún iná ẹ̀yìn ti ọwọ́ ọ̀tún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi onílẹ̀kùn méjì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún. Mo kọ orúkọ ọkọ̀ náà ketekete, mo sanwó, mo sì ń retí. Nígbà tí páálí dé tí mo tú u, iná tó wà nínú rẹ̀ gùn bí apá ọmọdé, kò sì sí ibi tó lè wọ̀ lára ọkọ̀ mi. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní orúkọ tí mo kọ ni òun tẹ̀ lé. Òótọ́ ló sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ mi ti gbé orúkọ rẹ̀ fún jíìpù kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọn kò fi nǹkan kan kún un, wọn kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ọkọ̀ méjì tí kò jọ ara wọn níwájú, tí kò jọ ara wọn lẹ́yìn, tí síkúrúù kan ṣoṣo kò sì pa wọ́n pọ̀, ni wọ́n ń pe ní orúkọ kan náà. N kò lè bínú sí ẹni tó ta iná. Àwọn tí mo ń bínú sí ni àwọn ọ̀gá tó jókòó sínú yàrá ìpàdé, tí wọ́n rí i pé àwọn kò lè ronú kan orúkọ tuntun, tí wọ́n sì lọ hú ti òkú jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn kan ni mo ń tìtorí ẹ̀ pariwo, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1964 ni Ford gbé Mustang jáde, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí imú rẹ̀ gùn, tí ìdí rẹ̀ kúrú, tí ẹṣin tó ń sáré sì wà níwájú rẹ̀. Ní 2019, wọ́n fi orúkọ náà àti ẹṣin náà lé jíìpù kan tó ń lo iná mànàmáná, wọ́n ní Mustang Mach-E ni. (Mo mọ̀ pé Jeep fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a ti fi ń pe gbogbo ọkọ̀ gíga, ẹ má fi ìyẹn mú mi.) N kò bá ọkọ̀ náà jà. Ó ń sáré dáadáa, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹṣin ìgbẹ́ ni wọ́n ń pè ní mustang, ẹni tó bá sì sin màlúù tó dára yẹ kó fún màlúù rẹ̀ lórúkọ tirẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló ṣe Puma ní 1997, ọkọ̀ kékeré pẹlẹbẹ kan tó máa ń yí kọ́nà bí ẹni ń jó, tí wọ́n sì tún gbé orúkọ rẹ̀ dé ní 2019 lórí jíìpù kékeré. Capri, ti Ford náà, wà láti 1969 títí di 1986, imú gígùn, ilẹ̀kùn méjì. Capri ti 2024 ga nílẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé lórí gan-an, ọ̀dọ̀ Volkswagen ni wọ́n ti gbà á. Mitsubishi dáwọ́ Eclipse dúró ní 2011, nígbà tó sì di 2017, wọ́n fi Eclipse Cross dé, jíìpù tí ẹnikẹ́ni tó bá ti wa Eclipse rí kò ní mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: orúkọ ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń dá ara wọn lára yá, lórí ọkọ̀ tí bàbá fi ń kó ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Mo wà níbi ìpàdé àwa olólùfẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tí ẹnìkan wọlé tó ní òun gbé ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí wá. Gbogbo wa dìde, a já síta. Nígbà tí a rí ohun tó dúró níbẹ̀, a kí i pé ó kú orí ire ọkọ̀ tuntun, a sì padà sórí àga wa. Ojú ti ọkùnrin náà, ojú sì ti àwa náà, nítorí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ìfẹ́ tí a ní sí orúkọ yẹn ni àwọn ọ̀gá yẹn fi fa owó jáde lápò rẹ̀. Ìfẹ́ náà kì í ṣe tiwọn láti tà. Ẹni tó fi alẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀ láti tún un ṣe, ẹni tó fi ọkọ̀ náà gbé ìyàwó, ẹni tó tà á tó sì sunkún, àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó ìfẹ́ náà jọ.

Bí àwọn kan ti ń jí orúkọ gbé ni àwọn mìíràn ń da orúkọ dídára sígbẹ́, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà àti lẹ́tà dípò. Cadillac tó ní Eldorado, tó ní Fleetwood, tó ní DeVille, kó wọn dànù, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní CTS, STS, DTS, ó tún wá di CT4, CT5, CT6. Nígbà náà, Escalade nìkan ló kù tí ènìyàn lè pè láìwo ìwé, òun náà sì ni ẹni tí kò rí ọkọ̀ rí mọ̀. Ní òpin 2012, Infiniti kéde pé gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa jẹ́ Q tàbí QX, bẹ́ẹ̀ ni G37, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 3.7 lóòótọ́, fi àyè sílẹ̀ fún Q50, tí kò ní lítà 5 níbì kankan. Ọ̀gá tó darí ìyẹn ló sì lọ sí Cadillac ní 2014, ọdún yẹn náà sì ni orúkọ CT6 jáde. Ẹni tó ba ọbẹ̀ kan jẹ́, wọ́n tún gbé ìkòkò mìíràn fún un.

Ti Audi ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láti 1994 ni A4 ti ń jẹ́ A4, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ní 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ nọ́ńbà mìíràn mọ́ ọn nídìí, 30, 35, 40, 45, títí lọ, wọ́n ní agbára ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Kì í ṣe lítà, kì í ṣe agbára ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kílówáàtì gan-an, nítorí pé 35 dúró fún kílówáàtì 110 sí 120, 40 sì dúró fún 125 sí 150. Ta ló lè há irú ìyẹn sórí? Nígbà tó di 2023, wọ́n ní ọkọ̀ oníná mànàmáná ni yóò máa gba nọ́ńbà tó ṣe é pín sí méjì, ti epo yóò sì máa gba èyí tí kò ṣe é pín, bẹ́ẹ̀ ni A4 di A5 ní 2024. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n tún sọ pé àwọn ti yí ohùn padà. Ẹni tó ra A5 láàárín ìgbà yẹn, orúkọ bàbá rẹ̀ dà?

Nọ́ńbà gan-an kì í ṣe ọ̀tá mi. BMW 325i ti àwọn ọdún 1980 sọ òtítọ́ fúnni: ìdílé 3 ni, ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi di 2012, lítà 2.0 ló wà nínú 328i. Mercedes-AMG C 63 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà 6.2 ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, a fojú fo ìyẹn. Ó di lítà 4.0, nọ́ńbà náà dúró. Ní 2022, ó di lítà 2.0 onísìlíńdà mẹ́rin pẹ̀lú mọ́tò iná lẹ́yìn, nọ́ńbà náà ṣì dúró digbí. Mo gbà pé ó lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Kí wá ni 63 náà ń kà?

Porsche ní tirẹ̀ kọ Turbo sí ìdí Taycan ní 2019. Èéfín ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tí a fi ń pe nǹkan ní tọ́bò. Taycan, tó ń lo iná mànàmáná, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì rú èéfín.

Ní ti ìrísí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ohun tí ojú kan fẹ́ lè má jẹ́ tí ojú mìíràn. Láti 1933 ni ihò méjì ti wà níwájú BMW, wọ́n sì mọ níwọ̀n. Ní 2020, wọ́n fà á láti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìsàlẹ̀ bọ́mpà lára 4 Series, bí ẹni tó la ẹnu tí kò rántí pa á dé. Kia yí àmì rẹ̀ padà ní 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kà á sí KN. Páìpù èéfín ayédèrú tí wọ́n ń yà sí ara bọ́mpà, tí èyí tó ń rú èéfín gan-an wà lábẹ́ níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí, ìtìjú ni.

Ẹ wo Toyota kí ẹ rí i bí àgbàlagbà ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Crown, adé ni. Corona, adé ni lédè Látìn. Corolla, adé kékeré. Camry wá láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáàní tó túmọ̀ sí adé. Láti 1966 ni Corolla ti ń jẹ́ Corolla, bó ti ń dàgbà ló ń jọ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ilé adé yìí náà ló bí bZ4X ní 2022, orúkọ tó jọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ti gé kù sí bZ ní Amẹ́ríkà. Volkswagen ti rí àṣìṣe tirẹ̀: lẹ́yìn ID.3 àti ID.4, ó kéde ní 2025 pé ọkọ̀ kékeré oníná mànàmáná rẹ̀ yóò máa jẹ́ ID. Polo. Mo fara mọ́ ìyẹn, nítorí pé ọkọ̀ kékeré ni Polo láti ìbẹ̀rẹ̀, kékeré náà ni èyí.

Kí ni kí a ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn aláṣẹ tó ń buwọ́ lùwé kí ọkọ̀ tuntun tó lè bọ́ sójú pópó. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí máa ń fi ìwọ̀n wọn gíga iná iwájú, wọ́n ń yẹ bíréékì wò, wọ́n ń ka àwọ̀ iná ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orúkọ èyíkéyìí ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé kan tí orúkọ ọkọ̀ àti irú ara rẹ̀ yóò jọ wà nínú rẹ̀: ìye ilẹ̀kùn, gíga rẹ̀, iye ènìyàn tó ń gbà. Bí ilé-iṣẹ́ bá dáwọ́ ọkọ̀ kan dúró, kí orúkọ rẹ̀ sinmi fún ọdún 25. Bí wọ́n bá fẹ́ jí i lẹ́yìn náà, kó padà wá sórí irú ara tó ní tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tàbí bátìrì, èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi sí i. Bí wọ́n bá ta kú pé orí jíìpù ni àwọn yóò gbé e lé, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ṣì ní ọkọ̀ àtijọ́ náà lọ́wọ́, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì gbà kí ó tó lè ṣẹlẹ̀. Orúkọ wa àti àdírẹ́sì wa wà ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ń rí wa nígbà tí owó ìwé ọkọ̀ bá pé.

Wọn yóò sọ pé dúkìá ilé-iṣẹ́ ni orúkọ, òfin sì fún un ní agbára lórí rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Porsche. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ pè ní 901 kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Peugeot ti ń lo nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín rẹ̀ láti orí 201 ní 1929, ó sì ní òun kò ní gbà. Ní 1964, Porsche yí i padà sí 911, ilé-iṣẹ́ náà kò sì kú. Bí òfin bá lè dáàbò bo òdo kan fún Peugeot, ó lè dáàbò bo orúkọ ọkọ̀ mi fún èmi.

Ní ti nọ́ńbà, kó jẹ́ lítà tàbí kílówáàtì, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ní ti páìpù ayédèrú, kí wọ́n fòfin dè é.

Iná náà ṣì wà nínú páálí lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tó tà á ti ní òun yóò gbà á padà, ṣùgbọ́n èmi ni n óò sanwó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ, ó sì ní nígbà mìíràn, kí n máa fi ọ̀rọ̀ náà "ti àtijọ́" kún orúkọ ọkọ̀ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tó ní ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì