Ẹ má fi orin dẹ́mò ra kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí àti ọ̀dọ́ létí, àwọn tó ń wá kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kiri Dùgbẹ̀ àti Ògùnpa láti fi kọ́ orin nílé. Ohun tí ọlọ́jà kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kó tan ẹ̀rọ, kó tẹ bọ́tìnnì dẹ́mò, orin aládùn á bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á sì máa mi orí. Orin yẹn kò kan kíì kankan. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti kó o sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kíbọ́ọ̀dù tí ogún kíì rẹ̀ ti kú ṣì lè kọ ọ́ láìṣì í.

Ìka ni kí ẹ fi dán an wò. Kíbọ́ọ̀dù tó tó ilé lò ní kíì 61, funfun 36, dúdú 25. Ẹ yan ohùn dùùrù, ẹ pa ìlù rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́, ti èkejì gidi. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti mọ ìka fúyẹ́ yàtọ̀ sí ìka líle, ojú méjì tó ń kan pátákó iná ló wà lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á kọ́kọ́ kanlẹ̀, èkejì á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ṣe yára tẹ̀ lé ara wọn tó ni ohùn ṣe ń le tó. Eruku ọyẹ́ tàbí mínírà tó dà sílẹ̀ ló máa ń bo ojú kan, kíì yẹn á wá máa pariwo láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kó yadi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dún bákan náà, ẹ má tíì bínú. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló pa touch response, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ìka fúyẹ́ yàtọ̀ sí líle.

Kíì méjì mẹ́ta tó yadi ṣeé tún ṣe, ẹ sì lè fi já owó wálẹ̀. Atúnṣe á yọ iná àti bátìrì, á tú ìsàlẹ̀ (súkúrù ibẹ̀ kì í gùn bákan náà, bí gígùn bá bọ́ sí ihò kúkurú, á lu ojú kíbọ́ọ̀dù yọ), á ṣí rọ́bà abẹ́ kíì, á wá fi òwú àti spírítì díẹ̀ nu àwọn ojú dúdú àti pátákó tí wọ́n ń kàn. Kí ó gbẹ dáadáa kó tó dé e. Bí ẹ bá rí i tó mú bíléèdì tàbí sáńpépà, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ojú yẹn ló ń gbé iná, bí wọ́n bá ti ha á dànù, ó parí. Kíì tó kán ní ìdí tí kì í dìde mọ́ tún yàtọ̀, kíì mìíràn ni yóò gbà.

Adápítọ̀ ló ń jó ẹ̀rọ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tó ti Japan dé lè jẹ́ ti 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà 120. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tó ń gbé 240 á sọ ọ́ di èéfín. Bí wọ́n bá kọ “INPUT 100–240V” sí i lára, kò séwu. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àmì róbótó tó ń fi hàn bóyá àárín ẹnu rẹ̀ ni pọ́sítíìfù wà tàbí ìta. Ọ̀pọ̀ Yamaha ń lo 12 fóòtì, pọ́sítíìfù láàárín. Ọ̀pọ̀ Casio àtijọ́ ń lo 9 fóòtì, pọ́sítíìfù níta. Adápítọ̀ ọjà lè wọ méjèèjì geere láì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà àmì ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù mu. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré á tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé ohùn sókè, á kú, á tún jí.

Bí sípíkà bá dákẹ́, ẹ ki ẹnu íápíìsì bọ ihò rẹ̀ kí ẹ sì yọ ọ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Irin inú ihò yẹn ló ń pa sípíkà, ó sì máa ń há. Kí transpose, ètò tó ń gbé ohùn gbogbo kíì sókè tàbí sísàlẹ̀, náà wà ní òdo. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó lò ó kẹ́yìn lè ti gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ ó máa rò pé ohùn rẹ̀ ti yà.

Ní ti ọlọ́jà tó ní kò sí iná, ẹ mú bátìrì mẹ́fà dání. Àwọn kan ń lo ńlá ti tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àwọn mìíràn kékeré ti rìmóòtù, ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ṣí ilé bátìrì tí ẹ rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára sípíríìnì, bátìrì ti sun omi síbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú yín fún ìdajì wákàtí kí owó tó jáde lápò.

Àwa oníṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.